Omi Mímu Lákòókò Eré Ìdárayá Nínú Oòrùn: Ojúṣe Olùkọ́

1. Ìfáàrà
Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ń ṣe ìdíje eré sísá. Àwọn olùkọ́ kan gbà pé sárésáré kò gbọdọ̀ mu omi títí eré yóò fi parí. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àṣà náà léwu, àti pé àpọ̀jù omi pàápàá kò sunwọ̀n.

2. Iṣẹ́ tí òógùn ń ṣe
Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ a máa mú ara gbóná. Bí òógùn bá ṣe ń gbẹ lára ni ooru ń bá a lọ. Inú omi ara ni òógùn ti ń wá, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí omi yìí bá dín, ọkàn yóò máa lù kíkankíkan, ara yóò sì túbọ̀ gbóná kọjá 37°C. Bí ó bá dé 40°C, tí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń dàrú, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

3. Ìwọ̀n tó yẹ
Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọn kílò 50 bá pàdánù kílò 1, agbára rẹ̀ lórí pápá lè dínkù. Kílò 1 yìí tó omi inú ọ̀rá 2. Eré líle fún wákàtí 1 nínú oòrùn lè fà á. Nítorí náà, kí ó mu omi kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa mu díẹ̀díẹ̀ bí òǹgbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́. Ìtọ̀ tó pọ́n, orí fífọ́ àti òòyì jẹ́ àmì pé omi ti dín lára.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Síbẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ a máa ṣe ìjàm̀bá. Níbi eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò. Ìdá 13 nínú ìdá 100 wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tó wúwo sí i lẹ́nu eré náà.

4. Ojúṣe olùkọ́
Kí ìgbaradì jẹ́ ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mu. A kì í fi omi du akẹ́kọ̀ọ́ láti fìyà jẹ ẹ́. Bí ẹnì kan bá dákú, kí a gbé e sí abẹ́ ibòji, kí a da omi tútù sí i lára, kí a máa fẹ́ ẹ, kí a sì tètè gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. A kò gbọdọ̀ da omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀.

5. Ìgúnlẹ̀
Àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò dúró ní pápá lọ́la. Ọmọ tí òbí fi lé wọn lọ́wọ́ ṣe pàtàkì ju ife ẹ̀yẹ lọ.