Káńsù Ìlú: Òfin, Iṣẹ́ àti Owó

Àwọn àgbà ní, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ó bá ku méjì, ìkòkò yóò ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni káńsù rí. Ààrò kìíní ni òfin. Ààrò kejì ni iṣẹ́. Ààrò kẹta ni owó. Káńsù tí ó ṣe òfin tí kò ṣe iṣẹ́, ìyà ni yóò fi jẹ ará ìlú. Èyí tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí kò wá owó, ẹnu lásán ni. Èyí tí ó sì ń gba owó tí a kò rí iṣẹ́, a ó bi í pé: owó dà?

1. Kí ni iṣẹ́ káńsù?

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà, bí a bá ka mẹ́fà ti Àbújá mọ́ ọn. A pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí wọ́ọ̀dù. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní láti dìbò yan káńsẹ́lọ̀ kan. Gbogbo agbègbè náà ní láti dìbò yan alága. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ni ó ń ṣe òfin káńsù. Alága àti àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń mú un ṣẹ.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka iṣẹ́ káńsù sílẹ̀. Lára wọn ni ọjà, garéèjì, odò ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò àti ìtẹ́ òkú. Káńsù ni yóò kó ìdọ̀tí. Òun ni yóò sọ orúkọ àwọn ọ̀nà ìlú, tí yóò sì kọ nọ́ńbà sí ara ilé. Òun ni yóò fún oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́mọlanke ní ìwé àṣẹ. Òun ni yóò kọ orúkọ ọmọ tuntun sí ìwé, àti orúkọ ẹni tí ó kú. Káńsù tún ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí i? Láti ọjọ́ tí a bí wa títí di ọjọ́ tí a ó sin wá, ọwọ́ káńsù wà nínú rẹ̀.

2. Báwo ni wọ́n ṣe ń jókòó?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Gọ́tà ti dí, omi sì ń wọ inú ọjà. Káńsù pe ìpàdé lórí owó ọdún. Kí ìṣirò má baà le, ẹ jẹ́ kí a sọ pé 100 náírà ni gbogbo owó tí wọ́n ní.

Akápò dìde. Ó ní: "Owó oṣù òṣìṣẹ́ yóò gba 60 náírà. Epo ọkọ̀, ìwé àti àtúnṣe yóò gba 15. Ó ku 25 náírà fún iṣẹ́ ìlú."

Káńsẹ́lọ̀ kìíní ní kí a tún gọ́tà ọjà ṣe. Owó rẹ̀ jẹ́ 15 náírà. Káńsẹ́lọ̀ kejì, ìyá oníṣòwò kan, ní òrùlé ilé ìgbẹ̀bí ń jò. Owó rẹ̀ jẹ́ 10 náírà. Ẹ̀kẹta ní kí a la ọ̀nà oko. Owó rẹ̀ jẹ́ 20 náírà. Wọ́n ro ó pọ̀, ó di 45. 25 ni ó sì wà nílẹ̀.

Ariwo sọ. Káńsẹ́lọ̀ kẹta ní, "Àwọn àgbẹ̀ kò lè kó kòkó jáde o!"

Ìyá náà dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Ọ̀nà náà burú, ṣùgbọ́n a ṣì ń fi orí ru ẹrù kọjá níbẹ̀. Abiyamọ tí òjò ń pa lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ta ni yóò bá a rù ú?"

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Ìyá, òótọ́ lẹ sọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀nà oko ni yóò ṣíwájú ní ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó." Akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, káńsẹ́lọ̀ kìíní mú òfin kan wá: ẹnikẹ́ni tí ó bá da ìdọ̀tí sínú gọ́tà yóò san owó ìtanràn. A kì í ṣe òfin ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á kà á kí gbogbo ìgbìmọ̀ gbọ́. Wọ́n á jiyàn lé e lórí. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tún kà á, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìyá náà béèrè pé: "Níbo ni ará ọjà yóò da ilẹ̀ sí?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Kò sí ààtàn kan nítòsí ọjà. Bí òfin náà bá jáde bẹ́ẹ̀, wolé-wolé yóò máa mú àwọn obìnrin lójoojúmọ́ lórí ohun tí wọn kò lè ṣe. Ni wọ́n bá fi ìlà kan kún un: káńsù yóò kọ́kọ́ gbé àgbá mẹ́ta sí ọjà, yóò sì máa kó ìdọ̀tí náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí owó ìtanràn tó bẹ̀rẹ̀. Akápò yọ 2 náírà nínú owó ìwé àti àtúnṣe láti fi ṣe é. Ààrò pé mẹ́ta. Ọbẹ̀ kò dànù.

3. Níbo ni owó ti ń wá?

Ọ̀nà kìíní ni àpò ìjọba àpapọ̀. Nínú 100 náírà tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín nínú àpò náà, ìpín gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lé díẹ̀ ní 20 náírà. Ó ti pẹ́ tí owó yìí ti ń gba ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kọjá, tí àwọn káńsù sì ń kùn pé kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn ní pípé. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé kí a máa san owó káńsù fún káńsù tààrà. Ó tún sọ pé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn nìkan ni ó gbọdọ̀ máa ṣe káńsù, kì í ṣe àwọn tí gómìnà kàn fi síbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ọwọ́ wa: owó ìsọ̀ ọjà, owó garéèjì, owó ilé àti owó ìwé àṣẹ. Owó orí igbá ata náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, owó káńsù kì í ṣe owó alága. Owó wa ni.

4. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta

Bíbéèrè owó kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń san owó-orí, ṣùgbọ́n wọn kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà.

Ìyá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Olùkọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti ń kọ́ ọ yìí. Ní ibi ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń sọ ìṣòro wọn fún ara wọn. Ní 1946 wọ́n di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jókòó sí iwájú ààfin Aláké ní Aké. Wọ́n ní àwọn kò ní san owó-orí mọ́ bí àwọn kò bá ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Wọ́n ti àwọn kan mọ́lé nínú wọn. Wọn kò padà sẹ́yìn. Ìjọba dá owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀, kò sì padà wálé títí di oṣù kejìlá 1950. Àwọn obìnrin sì rí ààyè jókòó nínú ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò sọ pé kí ìlú má gba owó. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, ẹni tí ó ń sanwó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀.

5. Kí ni ẹ lè ṣe?

Ẹ mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ẹ mọ ilé rẹ̀.

Bí ẹ bá san owó, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ kà á kí ẹ tó fi sápò: orúkọ káńsù, iye owó, ọjọ́ tí ẹ san án. Ẹni tí ó gba owó tí kò fẹ́ kọ rìsíìtì, ẹ bi í ta ni ó rán an.

Ẹ béèrè ètò ìnáwó ọdún kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó bá ti tán, ẹjọ́ lásán ni yóò kù.

Láti 2011, òfin kan ti wà tí ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ sọ pé òfin náà kan ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè rán ẹlòmíràn kí ó bá òun kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ kọ tiyín fúnra yín, kí ẹ sì bá aládùúgbò yín kọ tirẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ààrò mẹ́ta tí káńsù dúró lé?
2. Kí ló dé tí wọ́n fi ìlà kan kún òfin gọ́tà?
3. Akápò ní 25 náírà ni ó kù fún iṣẹ́ ìlú. Báwo ni ó ṣe ṣírò rẹ̀?
4. Kí ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń bèèrè fún?
5. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí káńsù yín. Ẹ béèrè iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọjà yín ní ọdún yìí.