Àròkọ Àpẹẹrẹ: Ìwúlò Ọ̀rẹ́ Onílé fún Arìnrìn-àjò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ará Kútọnu bá wọ Festac, ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún ọdún 1977, ọ̀rẹ́ onílé ni ojú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yìí ni yóò mú un lọ ṣẹ́ owó séfà sí náírà láìsí ìrẹ́jẹ. Òun ni yóò sọ fún un pé káàdì ni a fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin Mile 2 sí Màrínà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023. Nígbà ìpadàbọ̀, òun ni yóò bá awakọ̀ Sẹ̀mẹ̀ dúnàádúrà, kí awakọ̀ má baà gbọ́ ohùn àlejò kí ó fi owó lé owó.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń lọ sí ìlú òkèèrè, kí ó wá ọ̀rẹ́ kí ó tó wá ọkọ̀.