Ta Ni Ọmọ Fẹ́ Sọ Fún?

Ní Kpoulou àti káàkiri abúlé tó yí Adja-Ouèrè ká ní Benin, ọmọkùnrin tó bá mọ bọ́ọ̀lù í gbá kì í pẹ́ di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pe orúkọ rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ìdíje á bẹ̀rẹ̀, abúlé á kojú abúlé, òbí á sì máa rò ó lọ́kàn pé bóyá èyí ni yóò yọ ìdílé nínú ìṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà kì í sábà gba owó oṣù. Òun ló ń yan ẹni tí yóò gbá, òun ló ń wá bàtà, òun ló sì mọ ẹni tó lè mú ọmọ dé Porto-Novo tàbí Cotonou. À ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tí ọmọ fi lè tẹ̀ síwájú ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, bí àgbàlagbà bá ń bá ọmọ ṣèṣekúṣe, ọmọ kì í rí ẹni sọ ọ́ fún. Ohun tí orí yìí fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn: pé ìdákẹ́jẹ́ ọmọ kì í ṣe àbùkù ọmọ, àwa àgbà la tò ó bẹ́ẹ̀, àwa náà la sì lè tún un tò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, Andy Woodward, tó ti fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe rí, fi orúkọ àti ojú ara rẹ̀ hàn nínú ìwé ìròyìn Guardian, ó sì sọ ohun tí Barry Bennell, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọdé ní ẹgbẹ́ Crewe Alexandra, fi ojú òun rí láti ìgbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 11. Ó ti di ẹni ọdún 43 nígbà náà. Ilé Bennell kún fún ohun tí ojú ọmọdé ń wá: ẹ̀rọ gémù, tábìlì eré, kódà ó ń sin ọ̀bọ. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ń sùn ní òpin ọ̀sẹ̀, òbí wọn ló sì ń fi ọwọ́ ara wọn kó wọn lọ, torí wọ́n gbà pé ọmọ tí Bennell bá fà mọ́ra ti rí ọ̀nà nìyẹn. Lẹ́yìn tí Woodward sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Ní 2018, kóòtù rán Bennell lọ sẹ́wọ̀n ọdún 31 nítorí ohun tó ṣe sí ọmọkùnrin 12. Ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní 2023.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká sáré kọjá ohun kan níbí. Kì í ṣe 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Bennell. Amẹ́ríkà ti fi í sẹ́wọ̀n ní àárín àwọn ọdún 1990, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 9 fún un ní 1998. Ọ̀daràn wà nínú àhámọ́, síbẹ̀ àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù kò bi ara wọn léèrè ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún un tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni wọ́n gbé lé agbẹjọ́rò Clive Sheldon lọ́wọ́. Ó yẹ ọdún 1970 sí 2005 wò, ìwé rẹ̀ sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021: ó kéré tán, ènìyàn 240 ni a fura sí, ènìyàn 692 ni ìyà náà sì jẹ. Ó ní àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́ra gan-an láti gbé ètò ààbò kalẹ̀ láàárín 1995 sí 2000, nígbà tí wọ́n ti mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wà, nígbà náà, láàárín kí a fìyà jẹ ẹnì kan àti kí a yẹ ilé wò. Ẹ̀wọ̀n a máa mú ọkùnrin kan kúrò lórí pápá. Ipò tó wà tẹ́lẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń bi í léèrè, á ṣófo de ẹlòmíràn.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí, pé irú rẹ̀ kò sí nílẹ̀ wa. Gabon kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ ará Benin ló ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Patrick Assoumou Eyi, tí wọ́n ń pè ní Capello, ẹni tó ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 ní Gabon, pé ó ti ń fipá bá àwọn ọmọkùnrin lò pọ̀ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n mú un, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n mú ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Gabon, Pierre-Alain Mounguengui, lórí ẹ̀sùn pé ó gbọ́, kò sì fi tó ìjọba létí. Ó ní òun kò jẹ̀bi, wọ́n sì tú u sílẹ̀ nígbà tó yá. Ohun tó kàn wá ni pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ní ó hùwà náà nìkan ni wọ́n bi ní ìbéèrè. Wọ́n bi ọ̀gá rẹ̀ náà ohun tó mọ̀.

Ohun mìíràn táwọn ènìyàn máa ń sọ wúwo jù ìyẹn lọ: bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tó fi di ọgbọ̀n ọdún kó tó sọ ọ́? Ṣé kì í ṣe owó ló ń wá, tàbí ìlara? Ẹ fi ara yín sí ipò ọmọ ọdún 12. Ẹni tó ń ṣe é níbi ni ìyá rẹ̀ ń kí pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ lè má jáde mọ́ lọ́jọ́ ìdíje, bàbá rẹ̀ sì lè nà án pé ó ń ba àgbà jẹ́. Ọkùnrin tún ni: ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọmọbìnrin nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ọmọkùnrin kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí kò bá nílò ọkùnrin yẹn mọ́ nìkan ni ẹnu rẹ̀ lè là, ọjọ́ náà sì lè pẹ́. Pípẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ di irọ́. Kò sì sọ ọ́ di òótọ́ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kóòtù fi ń gbọ́ ẹlẹ́rìí, tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà fi ń sọ tirẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀sùn èké ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹ́ kí ìwádìí wà, torí àhesọ inú ọjà kì í dá ẹnikẹ́ni láre.

Ní Benin tiwa, a mọ ìwádìí í ṣe nígbà tó bá wù wá. Ní 2018, ikọ̀ àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 lọ díje ní Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo egungun àwọn ọmọ náà, 10 nínú wọn ni ẹ̀rọ sọ pé ọjọ́ orí wọn ti kọjá, wọ́n sì yọ Benin kúrò nínú ìdíje. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n gbé àwọn ọmọ náà lọ sí kóòtù, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n fún wọn, àwọn àti ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, Anjorin Moucharaf. N kò sọ pé irọ́ ọjọ́ orí dára. Ṣùgbọ́n a ní ẹ̀rọ tó ń wo egungun ọwọ́ ọmọ. Ìwà àgbàlagbà tó mú ọmọ náà rìnrìn-àjò, ta ló ń wò ó?

Òfin kò ṣàìsí. Òfin ọmọdé ti ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2015 dáàbò bo ọkùnrin àti obìnrin títí wọ́n á fi pé ọdún 18. Nọ́ńbà 138 wà tí a lè pè nítorí ọmọdé, ilé ẹjọ́ sì wà ní Pobè. Ohun tó ń dí ọ̀nà ni àṣà wa pé kí a parí ọ̀rọ̀ nínú ilé: wọ́n á pe àgbà ìdílé méjèèjì, ọkùnrin náà á dọ̀bálẹ̀, yóò sì kó lọ sí abúlé mìíràn. Àṣà yìí wúlò nínú ìjà ààlà oko, torí àwọn tó ń jà ló jókòó. Níbí, ọmọ kì í sí níjòókòó, abúlé tí ọkùnrin náà ń lọ kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n tún ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí á lé àwọn olóore sá, pé ta ni yóò tún fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́? Sheldon fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ ló gbá bọ́ọ̀lù láìséwu. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rere kò ní pàdánù nǹkan kan bí àgbàlagbà méjì bá ń tẹ̀ lé ọmọ lọ sí ìdíje, bí ìyá bá mọ yàrá tí ọmọ òun máa sùn àti ẹni tó máa wà níbẹ̀, tàbí bí olùkọ́ kan ní ilé-ìwé CEG, tí kì í yan ẹni tí yóò gbá, bá jẹ́ ẹni tí ọmọ lè lọ bá. Àwọn tó sì ní ẹni tó ṣe é ti kú, kí a fi sílẹ̀, kí wọ́n wo Chelsea. Eddie Heath, tó ń wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà ní àwọn ọdún 1970, ti kú tipẹ́ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ṣì gba agbẹjọ́rò láti wádìí, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2019, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ìyà náà jẹ nígbà ọmọdé.