Orí ọmọ mi kò tíì wálẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Nọ́ọ̀sì, oyún mi àkọ́kọ́ nìyí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 37. Nọ́ọ̀sì tẹ ikùn mi, ó kọ 5/5 sí káàdì, ó ní kò séwu. Mo rò pé mo gbégbá orókè ni, àṣé orí ọmọ kò tíì wálẹ̀ rárá ni. Ìyá ọkọ mi ní ikùn mi ga jù, wọ́n fẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó máa ń fi òróró fa ikùn. Ṣé kí n lọ? Ǹjẹ́ mo lè mọ̀ fúnra mi bí orí bá ti wálẹ̀?
Aboyún, Ìmẹ̀sí-Ilé

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Iléèwé nìkan ni wọ́n ti ń jó sí 5/5.

Bí a ṣe ń kà á nìyí. O ó kọ́kọ́ lọ tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún lè gbé orí ọmọ sókè. O ó dùbúlẹ̀, o ó ká orúnkún díẹ̀. Agbẹ̀bí á kọjú sí ẹsẹ̀ rẹ, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ òkè egungun iwájú abẹ́ jẹ́jẹ́ bí o ṣe ń mí síta, á máa wá nǹkan líle roboto. Bí orí náà bá gba ìka márùn-ún lókè egungun, tó sì ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, 5/5 nìyẹn. Bó bá ku ìka méjì tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, tí kò mì mọ́, ó ti wọ ìbàdí.

Ìwọ náà lè fura: èémí á fúyẹ́, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́ lemọ́lemọ́, abẹ́ á wúwo. Ìfura lásán sì ni. Kí ìyá ọkọ rẹ má bínú sí mi, a kì í fi ojú mọ̀ ọ́n. Ikùn oyún àkọ́kọ́ ṣì le, ó máa ń dúró sókè.

Ìwé àwọn òyìnbó ní orí ọmọ àkọ́bí máa ń wálẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ni kì í wọ ìbàdí títí ìrọbí á fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì bí wẹ́rẹ́. Síbẹ̀, nígbà mìíràn ibi ọmọ ló dí ọ̀nà, tàbí iju, tàbí kí ìbàdí má gba orí náà. Lọ ṣe síkáànì. Bí kò bá sì yí padà nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá sún mọ́, kí dókítà ní ọsibítù Wesley Guild, Iléṣà, yẹ̀ ọ́ wò.

Ti òróró yẹn, má lọ. Kéèyàn fi òróró pa ikùn lásán kò burú. Fífà àti títì ni wàhálà. Ó lè ya ibi ọmọ kúrò láyè rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ṣùgbọ́n má bá màmá jà o. Mú wọn dání lọ sí kílíníkì, kí nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ wọn lé orí ọmọ náà. Mo ti rí i kó pẹ̀tù sí ọkàn ìyá ọkọ ju àlàyé lọ.

Bí omi bá já nígbà tí orí ṣì ga, ìwọ́ ọmọ lè ṣáájú orí jáde. Má dúró wẹ̀, má dúró jẹun. Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ọkọ̀, fi ìrọ̀rí gbé ìdí sókè, ó di ọsibítù. Bákan náà ni bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí orí bá ń fọ́ ọ tí ojú sì ń ṣú, tàbí bí ọmọ kò bá mira bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìmẹ̀sí sí Iléṣà kì í ṣe ìrìn kékeré lóru, torí náà bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí.

Má sì fi káàdì rẹ sílẹ̀ sílé. Ìlú yín gan-an ni Dókítà David Morley ti Wesley Guild ti mú un lò ní àwọn ọdún 1950 pé kí ìyá fúnra rẹ̀ máa tọ́jú káàdì ìwọ̀n ọmọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì tẹ̀ lé e. Dókítà òru tí kò mọ̀ ọ́ rí, ohun tó wà nínú káàdì ló máa kọ́kọ́ kà.