Iye Tí Fíìmù Yóò Ná Wa

Kí kámẹ́rà tó dé ni fíìmù ti ń náwó. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìtàn pé mọ́tò jóná lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́, ẹ ti di ẹni tó ń wá mọ́tò rà nìyẹn. Bí tọkọtaya bá jà lóru, owó epo ẹ̀rọ amúnáwá ti wọ̀ ọ́. Ìjà kan náà lè wáyé lọ́sàn-án gangan, lábẹ́ igi, lọ́fẹ̀ẹ́.

Robert Rodriguez, olùdarí fíìmù, mọ èyí. Nǹkan bíi 7,000 dọ́là ló fi ya El Mariachi ní Mẹ́síkò, fíìmù tó jáde ní 1992. Kó tó kọ ìtàn rẹ̀, ó kọ́kọ́ ka ohun tó lè rí yá: ajá, ìjàpá, bọ́ọ̀sì, ilé ọtí. Gbogbo wọn ló wọ inú ìtàn. (Ìjàpá tiwa ì bá béèrè owó iṣẹ́.)

Ẹ jẹ́ kí àwa náà ka tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ níbí. Ní Pọbẹ̀, oko ọ̀pẹ lọ salúà. Sakẹ́tẹ́ ní ọjà, ó ní agboolé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà wà lágbègbè wa, ṣùgbọ́n ẹ má kà á mọ́ ọ̀fẹ́: ẹ kò ní mú ọwọ́ òfìfo lọ bá àwọn àgbà.

Lára kámẹ́rà ni gbogbo ojú máa ń wà, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ló ń jẹ owó. Ká ní ènìyàn 12 ló ń ṣiṣẹ́, tí oúnjẹ ẹnì kan jẹ́ 1,500 séfà lóòjọ́. 18,000 nìyẹn lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 6, ó di 108,000. Bí ọjọ́ bá ṣe dín kù ni owó oúnjẹ ń dín kù. Nítorí náà, ẹ má ya fíìmù bí ìtàn ṣe tò. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé Bàbá, láti orí ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn dé orí òkú tó parí rẹ̀, ẹ yà á pọ̀ lọ́jọ́ kan. Òkú á dìde, á pààrọ̀ aṣọ, á lọ jó níbi ìgbéyàwó.

Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, òjò lè gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín. Nínú 100,000 séfà kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ 10,000 sọ́tọ̀ fún irú èyí. Ẹ má sì ṣahun sí máìkì. Òǹwòran lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ohùn, á dìde lọ.

Nígbà tí Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù ọmọ Nàìjíríà, ṣe fíìmù Abẹ́ní ní 2006, ìtàn náà kan Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, Amzat Abdel Hakim, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, sì wà lára àwọn òṣèré. Àwa tí a wà létí ẹnubodè náà lè ṣe irú rẹ̀. Òṣèré tó bá ti òdìkejì wá, náírà ni yóò dá lé yín. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí séfà, kí ẹ kọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà lọ́jọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí iye yẹn kì í dúró sójú kan.