Epo Jíjò ní Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Agbégilódò

Ní Òkè-Sopẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí a ti mọ iṣẹ́ igi gẹdú dunjú, epo jíjò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í ṣe ohun àfojúfò. Bí epo bá rin bàtà bíréèkì, ọkọ̀ tó ru gẹdú lè má dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀
Adènà-epo: òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jíà jáde, òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́ìlì síìlì.
Ihò-èémí: ihò kékeré tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde lára ilé jíà ẹ̀yìn.

Ìwádìí
Epo jíà ki, òórùn rẹ̀ sì jọ ti imí-ọjọ́. Epo bíréèkì ṣàn ju ìyẹn lọ, bó bá sì ń jò, yóò máa dín nínú agolo rẹ̀. Bó bá jẹ́ epo jíà, kí a yẹ ihò-èémí wò. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, atẹ́gùn tó gbóná tó sì wú yóò ti epo gba etí adènà jáde. Ẹni tó pààrọ̀ adènà láìla ihò yìí, agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Àtúnṣe
Kí a fi igi há táyà iwájú, kí a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a sì gbé e lé òpó tó lágbára. Bí bíárìn bá ń mì, kí a pààrọ̀ rẹ̀, nítorí mímì rẹ̀ a máa ba adènà jẹ́. Kí ètè adènà tuntun kọjú sí epo. Bàtà bíréèkì tí epo ti rin, pípààrọ̀ ni. Kí a dán bíréèkì wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí a tó di ẹrù.