Ìṣirò àti Ọ̀nà Yunifásítì

Ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ ta ata ní Ọjà'ba kì í ṣi owó kà. Kí oníbàárà tó tú etí aṣọ rẹ̀ tán, ó ti mọ iye ṣéńjì tí yóò fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí kan náà bá dé ilé-ìwé girama ní Bẹẹrẹ tàbí lẹ́bàá Màpó, tí wọ́n ní kí ó yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ sá fún.

JAMB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978, a máa dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú iṣẹ́ mẹ́rin. Ẹni tí yóò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú ìṣirò mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé, èyí tí àwọn kan ṣebí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Lóòótọ́, ní oṣù kẹwàá 2025, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé kírẹ́dìtì ìṣirò kì í ṣe dandan mọ́ fún àwọn tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ bí èdè tàbí ìtàn. Ìrọ̀rùn ńlá ni fún ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ohun tí yóò wu ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bí ó bá di mẹ́tàdínlógún? Bí ó bá yí ọkàn padà, tí kò sì ní kírẹ́dìtì ìṣirò lọ́wọ́, àfi kí ó tún jókòó ti ìdánwò WAEC, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wọ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn.